Ṣé kí n bá àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ ọkọ̀ alájẹ̀ káàkiri ọ̀sà Èkó?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, Manchester ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta l'Ékòó lóṣù Kejìlá. Mo ní ọ̀rẹ́ méjì tí a jọ kàwé ní Yábàá. Ọ̀kan jẹ́ Ẹ̀gùn láti Màkókò, èkejì jẹ́ Ìlàjẹ láti Bàrígà. Wọ́n ní kí n gbàgbé mọ́tò, pé àwọn á fi ọkọ̀ alájẹ̀ gbé mi káàkiri ọ̀sà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ta kò ó. Wọ́n ní ikú ni mo ń wá kiri, wọ́n tún ní kò dáa kí èèyàn máa lọ wo òtòṣì bí ẹni ń wo ẹranko nínú ọgbà. Kí lẹ rí sí i?

* * *

Ẹ lọ. Mo fi ìdáhùn mi síwájú kí ẹ má bàa wá a kiri.

Ìwáyà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí omi Màkókò bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí màmá mi fi ra ẹja yíyan ní ọjà Aṣejèrè, èmi ni mo sì máa ń tẹ̀lé wọn ru apẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Ẹ̀gùn ti ń tu ọkọ̀ lọ sílé ìwé nígbà tí àwa méjèèjì ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, á gbé àbúrò rẹ̀ méjì síwájú, á sì máa fi ẹsẹ̀ kan gbọ́n omi. Mo gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ náà kàn ń yí lójú kan ni. Àjẹ̀ rọrùn lójú ẹni tó ń wò ó, apá ẹni tó ń tu ú ló mọ bó ṣe rí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ẹni tó mú àjẹ̀ ló ni ọjọ́ náà. Aago tí ẹ máa jáde, ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ibi tí ẹ ti lè yọ fóònù, ìgbà tí ẹ máa padà, ẹnu wọn ni kí ẹ máa wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ewu àti àbùkù tí mo ti rí lórí ọ̀sà, ọwọ́ àlejò tó fẹ́ máa darí ọkọ̀ ló ti wá.

* * *

Àwọn mẹ́ta ti kọ ọ́ síbí báyìí pé ọ̀sà Èkó ò jìn, pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí èèyàn kàn dìde dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tiwọn.

Lóòótọ́, ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà ò ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Apẹja ń rìn nínú rẹ̀ láti ta àwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bàrígà àti Ọ̀wọ́rọ̀ǹsókí, níbi tí àwọn tó ń wa yanrìn wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkùnrin kan á di ọ̀pá mú, á bọ́ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú garawa, á kó yanrìn kún un, á gbé e gòkè, á dà á sínú ọkọ̀. Á tún padà sísàlẹ̀. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ títí etí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú omi dọ́gba, wọ́n á wá ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun rán pọ̀, atẹ́gùn á gbé wọn wálé. Mi ò rí ohun tó lẹ́wà ju ìgbòkun wọ̀nyẹn lọ l'Ékòó, nígbà tí oòrùn bá gba ẹ̀yìn wọn wá. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn tún wà, tiwọn tóbi ju ti garawa lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń ga sókè ní ìlú yìí, inú ọ̀sà ni yanrìn rẹ̀ ti jáde.

Ihò tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kì í hàn lójú omi. Ìgbésẹ̀ kan, omi wà ní orúnkún. Ìgbésẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Níbi tí wọn ò sì ti wa yanrìn, ẹrẹ̀ dúdú ni, ó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Lẹ́bàá Oko Bàbá, níbi tí wọ́n ti la pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹdú tí wọ́n dì pọ̀ gba orí omi wá láti ìgbèríko ló wà káàkiri, òmíràn ti rì díẹ̀, òkè rẹ̀ nìkan ló ń yọ. Atukọ̀ tó dàgbà síbẹ̀ mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n di àjẹ̀ mú.

* * *

Lórí láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ìjà ti bẹ́.

Apá kan ní ọmọ omi kì í wọ̀ ọ́, pé bí ẹ bá wọ̀ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ ń sọ fún wọn pé ẹ ò fọkàn tán wọn. Apá kejì ní òfin ni. Òfin ni lóòótọ́. LASWA, àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó ojú omi, ò gbà kí èrò kankan wọ ọkọ̀ láìwọ̀ ọ́. Ní èbúté ọkọ̀ èrò bíi ti Falomo tàbí Ìpakòdò ní Ìkòròdú, wọ́n á fún yín kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín, ẹnikẹ́ni ò ní fún yín, torí náà ẹ rà á wá fúnra yín.

Lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ mi ń tu èmi àti àlejò kan kọjá lábẹ́ Third Mainland. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó má dìde. Ó dìde, ó fẹ́ ya àwòrán òpó afárá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọkọ̀ èrò kan tó ń sáré kọjá lọ, ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ dé bá wa nígbà tó ṣì dúró síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yí orí ọkọ̀ sí ìgbì kíá, torí ẹ̀gbẹ́ ni ìgbì ti ń da ọkọ̀, ṣùgbọ́n àlejò yẹn ti tẹ̀ sí ọ̀tún. A dojú dé. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni "Ẹ di ọkọ̀ mú! Ẹ má wẹ̀!" Ọkọ̀ pákó kì í rì pátápátá, ó máa ń léfòó bó tilẹ̀ kún fún omi. A dì í mú títí apẹja kan fi tukọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi nìkan ni mo wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Àlejò yẹn mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ẹ̀rù bà á débi pé ó gun ọ̀rẹ́ mi lórí. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe omi.

Nítorí náà, ẹ wọ̀ ọ́. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ tún ra méjì mìíràn fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ kó o fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti òkè òkun. Bí wọn ò bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ wọn á wọ̀ ọ́.

* * *

Ẹni tó ní kí ẹ gba ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì kí ẹ lè rí ibi púpọ̀: rárá. Ẹ́ńjìnnì dára fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ariwo rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín, gbéborùn, koríko tó ń léfòó lórí omi, á wé mọ́ àjẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ò sì ní lè wọ àwọn ojú omi tóóró tó wà láàárín ilé. Ọparun ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ níbẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, torí òun ló wúwo jù, àwọn èèyàn sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Mo ti rí ọkọ̀ tí àlejò mẹ́fà jókòó sí, kámẹ́rà lọ́rùn gbogbo wọn, tí wọ́n ń ya obìnrin tó ń wẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ gbé e sọ́dọ̀ ara yín. Bí àjèjì bá dúró lójú wíńdò yín ní Manchester tó ń ya yín bí ẹ ṣe ń wẹ ọmọ, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín sí i?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ṣì í níbì kan. Wọ́n pe Màkókò ní ibi òtòṣì, wọ́n sì dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Ìlú ni Màkókò. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Ẹ̀gùn ti ń tukọ̀ wá síbẹ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ganvié lórí adágún Nokoué lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn Tòfínù kọ́lé sórí òpó nítorí àwọn tó ń kó ẹrú, á rí i pé ọwọ́ kan náà ló mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Inú Màkókò ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí púpọ̀ nínú apẹja ọ̀sà ń lò. Ẹja yíyan tó ń dé Oyíngbò àti Mushin, ààrò àwọn obìnrin wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní baálẹ̀, wọ́n ní àwọn agbẹ̀bí. Ọmọdé ibẹ̀ ń sọ Ẹ̀gùn nílé, Yorùbá lọ́jà, Faransé sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà wọn.

Ohun tó mú kí wọ́n máa bẹ̀rù kámẹ́rà náà ní ìtàn. Lóṣù Keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn ní wákàtí 72 láti kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òpó ilé. Ìbọn pa ọ̀kan nínú àwọn olórí àdúgbò kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí parí ilé ìwé tó léfòó sórí àgbá ike, gbogbo ayé ya fọ́tò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2016, òjò ńlá rọ̀, ilé ìwé náà wó lulẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà káàkiri títí dòní, ṣùgbọ́n ilé ìwé náà ò sí mọ́. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, wọ́n lé àwọn Ẹ̀gùn Òtódò Gbàmẹ́ ní apá Lẹ́kí, wọ́n tún padà wá lé ìyókù ní 2017. Ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn lọ tó pàdánù ilé. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbé drone sókè, ẹ̀rù àkọ́kọ́ tó máa bà wọ́n ni pé ó wá wọn ilẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má yọ fóònù rárá. Ẹ lọ kí baálẹ̀. Ẹ jókòó nílé ọ̀rẹ́ yín, ẹ jẹun. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ ya òun, ẹ yà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà, kí ẹ fi rán ọ̀rẹ́ yín sí i. Mo ti ṣe èyí. Ọdún méje lẹ́yìn náà, fọ́tò yẹn ṣì wà lára ògiri pákó ìyá kan.

* * *

Owó. Àwọn kan ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu omi jẹ́ jàǹdùkú, kí ẹ má san. Àwọn kan ní kí ẹ san ohunkóhun tí wọ́n bá bù.

Èrò tèmi yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ilé ló gbé yín wọlé, ẹ ò ní gbọ́ ohùn wọn púpọ̀, òun ló máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ rò ni owó ọ̀rẹ́ yín fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó fi tù yín kiri, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi ta àwọ̀n. Ẹnì kan ti dá mi lóhùn pé bí ẹ bá fún ọ̀rẹ́ lówó, ọ̀rẹ́ ti di òwò. Mi ò gbà. Èmi ti rí ọ̀rẹ́ tó bàjẹ́ nítorí pé ẹnì kan ń jẹ ọjọ́ ẹnì kejì lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnì kejì ò sì lè sọ ọ́ jáde. Bí ó bá ṣòro láti gbé owó lé e lọ́wọ́, ẹ gbé e fún ìyàwó rẹ̀, tàbí kí ẹ ra àwọ̀n tuntun fún un. Àwọ̀n kì í ṣe owó ọ̀yà lójú ẹnikẹ́ni.

* * *

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ti wọlé, ó ní kí ẹ fi Màkókò sílẹ̀, kí ẹ tukọ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Inú mi dùn sí ohun tó kọ, torí ó rán wa létí pé omi ni títì Èkó àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí oyè lóṣù Kejìlá 1851, orí omi ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà sá, Ẹ̀pẹ́ ló sì fi ṣe ibùjókòó títí ó fi padà sílé ní 1862. Ojú omi tó wà láàárín Ìkòyí àti Victoria Island tí wọ́n ń pè ní Five Cowrie, àwọn àgbà ní owó ẹyọ márùn-ún ni èèyàn ń san kí wọ́n tó tù ú kọjá. Third Mainland tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀nà, 1990 ni wọ́n ṣí i. Ṣáájú ìyẹn, ìyá màmá mi máa ń sọ pé "mo fẹ́ sọdá", ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ jìnnà gan-an fún apá èèyàn méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wọ mọ́tò lọ, kí ẹ wọ ọkọ̀ ní èbúté ọjà ẹja wọn lọ́hùn-ún.

* * *

Oṣù Kejìlá tí ẹ mú, ó ní ire, ó ní ibi. Òjò ti lọ. Omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé látinú òkun, iyọ̀ yẹn ló máa pa gbéborùn bó bá yá. Koríko yìí gba odò Àgbádárìgì wọlé wá láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1984, kò sì lọ mọ́. Ẹ ṣì máa bá púpọ̀ nínú rẹ̀ lóṣù Kejìlá. Bó bá dí ojú omi, ẹ má bá atukọ̀ yín jiyàn lórí ọ̀nà tó yí kiri, bó tilẹ̀ gba wákàtí kan sí i.

Ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àárọ̀ kan á wà tí ẹ ò ní rí afárá títí ẹ ó fi dé ìdí òpó rẹ̀, ọkọ̀ èrò tó ń sáré ò sì ní rí yín. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró sílé. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́wàá ló dára jù, torí lẹ́yìn ọ̀sán, atẹ́gùn òkun máa ń ru ọ̀sà sókè. Kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá yín lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ alájẹ̀ ò ní iná, kò sì sí ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká wo òkùnkùn díẹ̀" níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà dé, ó ní òun ti pinnu, òun ń lọ, ẹ̀gbọ́n òun náà ti ní òun máa tẹ̀ lé e. Ó wá béèrè ohun tí òun máa gbé lọ fún ìyá ọ̀rẹ́ òun ní Màkókò, bóyá lẹ́ẹ̀sì tàbí bisikíìtì láti Manchester.

Ẹ gbé omi lọ. Orí omi ni ìyá yẹn ń gbé, ṣùgbọ́n omi tó ń mu, rírà ló ń rà á, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń tù ú wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ra àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́wàá ní Adékúnlé kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté. Ẹ má tò ó síwájú ọkọ̀. Àárín ni kí ẹ tò ó sí, márùn-ún lápá kan, márùn-ún lápá kejì, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jókòó ti ìdí ọkọ̀. Kí ẹ sì kó náílọ́ọ̀nù rẹ̀ padà wá sórí ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.